Hóró Tó Ń Làágùn Ìmọ́lẹ̀

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí nígbà tí mo ti Jàpáàn dé ni bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ń jẹ ẹja láìsè é. Ìkejì ni pé níbo ni fíríìjì náà wà. Ti ẹja rọrùn láti dáhùn: wọ́n ń jẹ ẹ́, èmi náà jẹ ẹ́, n kò sì kú. Ti fíríìjì ló mú kí n jókòó kọ èyí, kí ẹnikẹ́ni má baà tún máa gbé e kiri láàárín Ẹ̀gùá àti Ayétòrò ju bó ṣe rí lọ.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ilé ìwòsàn kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní abúlé wa lẹ́yìn Ẹ̀gùá, níbi tó jẹ́ pé bí ewúrẹ́ rẹ bá já okùn, ó lè ti wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kí o tó lé e bá. Fíríìjì wa ti kú tipẹ́. Ayétòrò ni abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ti ń wá, nínú kúlà, lórí ọ̀kadà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yìnyín inú kúlà sì máa ń yọ́ tán kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Abẹ́rẹ́ tí ooru ti bàjẹ́ kì í sábà fi hàn lójú. O lè fún ọmọ ní irú rẹ̀, kí ìyá ọmọ dúpẹ́ kó sì máa lọ, kí àìsàn tí ẹ rò pé ẹ ti lé lọ ṣì jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Nítorí náà mo máa ń dà á nù, mo sì máa ń ní kí àwọn ìyá padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Àwọn kan wà tí wọn kì í padà wá.

Àwọn ọmọ abúlé wa tó wà l'Ékòó ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ ra fíríìjì tó ń fi sólà ṣiṣẹ́ fún wa. Inú mi dùn débi pé mo ti gbá igun tí a máa gbé e sí. Ṣùgbọ́n abúlé ní kí wọ́n dúró ná, ohun tó sì fà á kò ju gbólóhùn kan lọ. Àbúrò mi, Kàmọ́rù, wà ní Jàpáàn, ó ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì kan níbẹ̀, ó sì ti sọ fún màmá wa lórí fóònù pé àwọn ti fi ìmọ́lẹ̀ mú nǹkan tutù. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó ti inú ilé wa dé ọjà, ó ti di pé ọmọ Ìyá Rábì ti ṣe fíríìjì tí kò bèèrè iná ìjọba, tí kò bèèrè jẹnẹrétọ̀, tó jẹ́ pé oòrùn lásán ló ń mu. Èmi ni Rábì tí wọ́n fi ń pe màmá wa. Màmá kò ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Ó tiẹ̀ fi kún un.

Bàbá Sàká, olórí ìgbìmọ̀ ìlera abúlé wa, ló wá sọ èyí tí gbogbo wọ́n fi gbà. Ó ní, "Bí ìmọ́lẹ̀ bá lè mú nǹkan tutù níbi tí oòrùn ò ti tó nǹkan, tiwa ńkọ́? Oòrùn ọ̀sán Ẹ̀gùá, yìnyín ni á máa ṣe. Ẹ jẹ́ ká dúró de tọmọ wa."

Nígbà tó yá, ìyàwó Kàmọ́rù bímọ. Màmá ló yẹ kó lọ wẹ ọmọ, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́, ni wọ́n bá ní kí èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n lọ dípò rẹ̀. Kí n tó lọ, Bàbá Sàká ránṣẹ́ pè mí. Ó ní kí n fojú ara mi rí nǹkan náà, nítorí ìròyìn kò tó àfojúbà, àti pé ohun tí mo bá padà wá sọ ni abúlé máa ṣe: bí mo bá ní kí wọ́n dúró, wọ́n á dúró, bí mo bá ní kí wọ́n má dúró, wọ́n á ránṣẹ́ sÉkòó. Mo gbé láfún àti gbùrè gbígbẹ, mo bá ọ̀nà lọ.

Ibodè

Àwa ará ibodè máa ń rò pé a mọ ohun tí òkèèrè jẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń bá màmá mi ná ọjà ní òdìkejì, tí mo ń gbọ́ "bọ́ńjù" lẹ́nu àwọn ọmọdé tí ojú wọn jọ ti bàbá mi. Níbi tiwa, ẹbí wà níwájú, ẹbí wà lẹ́yìn. Wọ́n á bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́, bí wọ́n bá sì ti mọ bàbá rẹ, ọ̀rọ̀ ti tán. Ìgbà tí mo dé Jàpáàn ni mo tó mọ̀ pé ààlà wà tí kò sí ẹbí kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Ọkùnrin tó yẹ ìwé mi wò wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Ó bi mí ohun tí mo wá ṣe, mo ní mo wá wẹ ọmọ. Gẹ̀ẹ́sì mi kò yé e, bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ kò yé mi, mo bá fi ọwọ́ ṣe é fún un: mo tẹ́ ọmọ tí kò sí níbẹ̀ sórí ẹsẹ̀, mo bu omi sí i, mo nà án lápá, mo nà án lẹ́sẹ̀. Ó wò mí títí mo fi parí. Lẹ́yìn náà ó lu òǹtẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé mi sí mi, bí ọmọ tó gbẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń fún àgbà ní nǹkan. Ọwọ́ méjèèjì yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ràn nílẹ̀ wọn.

Kàmọ́rù dúró dè mí níta. Ó dọ̀bálẹ̀ láàárín èrò, kò sì sí ẹni tó wò ó, tàbí kí n sọ pé gbogbo wọ́n wò ó láìjẹ́ ká mọ̀. Ó ti rù. Òtútù kan wá lù mí lójú tó jẹ́ pé ọyẹ́ tiwa kò lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé kí ni àwọn tí Ọlọ́run ti fún ní òtútù tó báyìí tún ń fi ìmọ́lẹ̀ wá òtútù kiri fún. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jẹ́ ká tètè délé, kí òtútù má mú mi.

Ìwà wọn

Mo ti gbọ́ pé wọ́n máa ń tẹríba, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni lè fi ìkíni borí ọmọ Yewa. Ìyá arúgbó kan ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé tí Kàmọ́rù wà. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, á tẹ̀ sí mi. Bí mo bá rí i pé irú àgbà bẹ́ẹ̀ tẹ̀ fún mi, màá tún kúnlẹ̀ wálẹ̀ sí i. Òun náà á tún tẹ̀ sí i. Ìyàwó wa ló máa ń wá yọ wá lẹ́nu ọ̀nà bí oúnjẹ bá ti ń tutù.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wẹ ọmọ, ọmọ náà ké bí ọmọ tiwa ṣe ń ké. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é: a nà án, a fi omi gbígbóná tẹ ìwọ́ rẹ̀, a gbé e sókè, a hán an. Kò pẹ́ tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ìyá ìsàlẹ̀ ni, ó fi ọwọ́ di àyà mú. Ìyàwó wa ṣàlàyé fún un, ó ní kó wọlé wá wò ó. Ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n, ó sì ń wò mí. Ojú rẹ̀ kò fi nǹkan kan hàn. Nígbà tí ọmọ wá sùn fọnfọn lẹ́yìn ìwẹ̀, ó fi ìka kan kàn án lẹ́sẹ̀, ó sì lọ. Ó padà wá pẹ̀lú tówẹ̀lì kékeré kan tí ó di bí ẹ̀bùn ìgbéyàwó.

Inú ọkọ̀ ojú irin wọn dákẹ́ rọ́rọ́. Èrò kún un bí ọjà Ìlaròó, kò sí ẹni tó ń kí ẹnikẹ́ni. Ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi máa ń ṣófo, bí àwọn mìíràn bá tiẹ̀ wà lórí ìdúró. Ó dùn mí ní àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, mo ń gbé báàgì mi lé e. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀, wọ́n fi ọ̀nà hàn mí, wọ́n gbé ẹrù mi, ẹnì kan tiẹ̀ fún mi ní agbòjò rẹ̀ ó sì bá òjò lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Bí o bá gbé ibi tí wọn kò ti bi ọ́ ní ìyẹn, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ.

Oúnjẹ

Ìrẹsì wọn ń lẹ̀ mọ́ra, ẹni tó bá mọ tùwó kò ní bẹ̀rù rẹ̀. Ẹja tútù náà kò burú bí o bá di ojú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ìyàwó wa ṣí ike pẹlẹbẹ kan ní ìdáná, òórùn tó jáde sì gbé mi dìde lórí ìjókòó. Irú ni. Mo ní ta ló ti Ẹ̀gùá dé? Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n bò ó títí ó fi kan bí irú, ó sì ń yọ̀ bí ilá. Wọ́n ń dà á sórí ìrẹsì láàárọ̀, láìsè é, láìfi ata sí i. Mo káàánú wọn. Mo dà á sínú gbùrè tí mo gbé lọ, mo fi ata àti epo sí i, mo ro láfún.

Kàmọ́rù jẹun lọ́jọ́ náà. Ó lá ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí ni Màmá ń sè báyìí nílé. Mo ní kí ó pè é kó bi í. Ó wo fóònù rẹ̀, ó sì tún bu láfún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Kàmọ́rù mọ̀ pé bó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Á pe Màmá, á bi í pé, "Màmá, kí lẹ jẹ lónìí?" Màmá á sì ka gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ata dé orí ẹja, títí káàdì á fi tán. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ fíríìjì ti dé ọjà, ó ti ń pè é bí ẹni tí wọ́n ń lé. Á kí i, á ní iṣẹ́ pọ̀, á gé e. Mo ti rò pé ìwà òkè òkun ni. Níwájú àwo láfún yẹn ni mo rí i pé ẹ̀rù ló ń bà á kí Màmá má baà bi í pé fíríìjì ti dé ibo.

Ó bi mí pẹ̀lẹ́ pé ṣé wọ́n ṣì ń dúró. Mo ní wọ́n ṣì ń dúró. Mo sọ fún un nípa àwọn abẹ́rẹ́ tí mò ń dà nù, n kò sì fi ṣúgà sí i. Ó palẹ̀ àwo mọ́, ó ní kí n bá òun lọ síbi iṣẹ́.

Hóró náà

Ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ obìnrin kan tí orí rẹ̀ ti funfun. Orúkọ rẹ̀ ṣòro lẹ́nu mi, Ọ̀gá ni mo ń pè é, ó sì ń dáhùn. Kàmọ́rù ti sọ fún un pé nọ́ọ̀sì ni mí àti ohun tí ooru ń fojú abẹ́rẹ́ wa rí. Ó tẹ̀ fún mi gan-an. Wọ́n fi awò dúdú bò mí lójú, wọ́n mú mi wọ inú yàrá kan tó ṣókùnkùn.

Mo ti rò pé màá rí àpótí. Ohun tí wọ́n fi hàn mí ni ilé irin kékeré kan tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tó ní fèrèsé dígí bí ojú abẹ̀bẹ̀. Mo yọjú wò ó. Hóró kan wà nínú rẹ̀, kò tó hóró iyọ̀. Mo bi Kàmọ́rù pé ibo ni fíríìjì náà wà. Ó ní, "Òun ni ẹ ń wò yẹn, Ẹ̀gbọ́n."

Mo máa gbìyànjú láti sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Ìran ohun tí wọ́n fi ṣe hóró náà ń jẹ́ pẹrófískáìtì. Òjé wà lára èròjà rẹ̀. Nínú hóró yẹn, àwọn ẹyọ mìíràn tín-ín-tín wà tí ojú kò lè rí, wọ́n sin wọ́n sínú rẹ̀ bí kóró inú ìbẹ́pẹ, kí nǹkan má baà bà wọ́n jẹ́. Àwọn ẹyọ yẹn ló ń tan. Wọ́n á fi iná lésà, tó jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo, lù wọ́n. Wọ́n á gba ìmọ́lẹ̀ yẹn mì, wọ́n á sì tú u jáde ní àwọ̀ mìíràn tó fi díẹ̀ lágbára ju èyí tí wọ́n gbà wọlé.

Mo ní níbo ni wọ́n ti rí èyí tí wọ́n fi kún un.

"Lára ooru hóró náà ni," Kàmọ́rù dáhùn. "Gbogbo nǹkan tó le, inú ẹ̀ ń gbọ̀n jẹ́ẹ́jẹ́. Gbígbọ̀n yẹn ni ooru. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń jáde, ó ń bu díẹ̀ lọ nínú ẹ̀."

Mo rántí àmù Màmá tó wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, bó ṣe máa ń làágùn ní ọ̀sán tí omi inú rẹ̀ á sì tutù. Mo ní ṣé hóró yìí ń làágùn ìmọ́lẹ̀ ni. Kàmọ́rù rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé, ó túmọ̀ rẹ̀ fún Ọ̀gá, Ọ̀gá sì mi orí. Kàmọ́rù wá ní ibi tó le sí ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wọlé ló gbọ́dọ̀ jáde. Díẹ̀ tó bá sọnù sínú, ooru ló máa dà, á sì ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́.

Wọ́n tan lésà. Hóró náà tàn bí ojú ológbò. Ìlà kan wà lójú kọ̀ǹpútà tó ń sọ bí ara hóró ṣe gbóná tó. Ó dúró gbọnrangandan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó ń kùn, kò sí omi, kò sí yìnyín, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, nǹkan sì ń tutù lójú mi. N kò ní purọ́, omi bọ́ lójú mi nínú awò dúdú yẹn. Mo rí ilé ìwòsàn wa, mo rí igun tí mo ti gbá.

Ènì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí nílé mọ ohun tí ènì jẹ́. Kò sí ẹni tó ń ra gàrí lọ́jà Ẹ̀gùá tó ń gbé igbá rẹ̀ kúrò kí ọlọ́jà tó bu díẹ̀ lé e. Kì í ṣe ojúkòkòrò. Ẹni tó bá rà á tí kò bèèrè ènì, ó dà bí ẹni tí ọjà náà kò wù. Ìyìn ni mo rò pé mo fẹ́ yìn wọ́n.

Mo ní, "Kàmọ́rù, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ènì sí i. Kí wọ́n fi kún ìmọ́lẹ̀ yẹn, ká rí i bó ṣe máa tutù tó."

Kàmọ́rù kò fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, mo sì wò ó bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń wo àbúrò. Ó túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fa atẹ́gùn sínú láàárín eyín, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan pé ó le díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi pé bí wọ́n ṣe ń sọ "rárá" fún àlejò nìyẹn. Àlejò ní ojú, kò fi ríran. Mo ní bó bá jẹ́ díẹ̀ ló le, kí wọ́n jọ̀wọ́ ṣe é. Ọ̀gá wò mí, ó wo Kàmọ́rù, ó mi orí. Kàmọ́rù na ọwọ́, ó fi kún ìmọ́lẹ̀.

Ìlà náà dúró. Ó ṣe bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, ó yí padà, ó ń gòkè. Ó kọjá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kò sì dúró. Títàn hóró náà ń rẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi di bàìbàì. Kàmọ́rù pa lésà, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́, hóró náà ti bàjẹ́. Ó ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé bí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ jù, àwọn ẹyọ inú rẹ̀ kò ní rí àyè tú u jáde mọ́, ooru ni wọ́n á sọ ọ́ dà. Nǹkan kan náà tó ń mú un tutù ló ń sè é.

Hóró tó dára jù lọ nínú èyí tí wọ́n ní ni. Wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà tí oyún ọmọ tí mo wá wẹ̀ ti wà nínú. Mo dúró kí wọ́n bú mi, ara mi ìbá fúyẹ́ bí wọ́n bá bú mi. Ọ̀gá bọ́ awò rẹ̀, ó tẹ̀ fún mi, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Kàmọ́rù wo ilẹ̀ bó ṣe ń túmọ̀ rẹ̀: ó ní kí n má bínú pé hóró àwọn kò lágbára tó. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè kọ lọ. Àṣejù baba àṣetẹ́, mo gbé e kọjá òkun lọ bá wọn.

Ohun tí ó ní kí n sọ

Kàmọ́rù kò bá mi wí. Ó ń gbé ọmọ rẹ̀ kiri nínú ilé, ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ títí ìgbà tí mo ń di ẹrù láti padà. Ìgbà yẹn ló wá jókòó sẹ́bàá àpótí mi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún wọn pé ó ku díẹ̀."

"Ṣé ó ku díẹ̀?"

Ó yí fìlà ọmọ náà, ó tún yí i padà. Ó ní òun kò mọ̀. Ó ní bí ó bá tilẹ̀ yọrí, àwọn ẹ̀rọ tín-ín-tín kan tí gbígbọ̀n fíríìjì ń bà jẹ́ ni ó máa kọ́kọ́ wà fún, kì í ṣe abẹ́rẹ́, kì í ṣe ẹja. "Ó lè jẹ́ èyí tí ẹ ń wẹ̀ yìí ló máa parí ẹ̀. Ó sì lè má parí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, Màmá ò ní lè gba iwájú ọjà kọjá mọ́."

Mo ń ká aṣọ mi sínú àpótí lọ. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Wọn kò sọ ohun tí èèyàn máa ṣe bó bá jẹ́ ibi méjì ló ti gba iṣẹ́. Ìyá ìsàlẹ̀ sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, ó tẹ̀, ìyàwó wa sì wá yọ wá.

Àbọ̀

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Lẹ́yìn Ayétòrò, eruku ọ̀nà wa fi ara rẹ̀ hàn mí, àwọn tó wà lójú ọ̀nà sì ń pariwo orúkọ mi kí ọ̀kadà tó dúró. Mo dé nínú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an. Ẹni tó ń bá mi dúró sẹ́nu iṣẹ́ nílé ìwòsàn sọ fún mi pé kúlà tó dé kẹ́yìn, omi ló kù nínú rẹ̀.

Wọ́n péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Sàká ní ìrọ̀lẹ́. Màmá jókòó síwájú, ó wé gèlè. Wọ́n bèèrè ẹja, mo dáhùn ẹja. Bàbá Sàká wá ní kí n jábọ̀.

Mo ní òótọ́ ni. Mo ní mo fojú mi rí i tí ìmọ́lẹ̀ wọ inú nǹkan, tí nǹkan náà sì tutù, pé Kàmọ́rù wà lára àwọn tó ń ṣe é, pé ọ̀gá rẹ̀ bọ̀wọ̀ fún un. Ara Màmá balẹ̀, mo rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní ṣé ẹ gbọ́, ká gbé e wá sínú oòrùn tiwa ká wò ó. Mo ní oòrùn tiwa á pa á. Mo ní oríṣiríṣi àwọ̀ ló pọ̀ nínú oòrùn, àwọ̀ kan ló sì fẹ́. Mo wá sọ fún wọn bí mo ṣe bèèrè ènì.

"O bèèrè ènì?" Bàbá Sàká ní. "Lọ́wọ́ wọn?"

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Mo jẹ́ kí wọ́n rín in tán. Bàbá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní, "Ó dáa. Báwo ló ṣe tóbi tó?"

Mo ní kí wọ́n bá mi bu iyọ̀ wá láti ìdáná. Mo ṣa hóró kan, mo fi sí àtẹ́lẹwọ́ Bàbá. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó fi ìka yí i. Kò sí ẹni tó ń rín mọ́.

"Èyí?"

"Kò tó ìyẹn, Bàbá. Ẹ má dúró dè é. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá wọn lónìí ò lè dúró dè é."

N kò wo Màmá. Mo gbọ́ bó ṣe mí. Bàbá Sàká pa ọwọ́ dé lórí iyọ̀ náà, ó bi mí pé kí ni orúkọ ọmọ tí mo lọ wẹ̀. Mo ní Mọrúfù ni. Mùsùlùmí ni Bàbá, ṣùgbọ́n ní abúlé wa, iyọ̀ kì í wà lọ́wọ́ àgbà níbi tí wọ́n ti dárúkọ ọmọ tuntun kó má ṣe àdúrà. Ó fi hóró náà sórí ahọ́n. Ó ní ayé á dùn mọ́ Mọrúfù, ọwọ́ bàbá rẹ̀ kò ní gbọ̀n nídìí iṣẹ́ tó ń ṣe, ohun tó fẹ̀sọ̀ mú kò ní bàjẹ́. A ní àmín. Lẹ́yìn náà ó ní kí akọ̀wé ránṣẹ́ sÉkòó pé kí wọ́n gbé ti sólà wá.

Ó yíjú sí Màmá. "Ìyá Rábì, pe ọmọ rẹ. Wí fún un pé a ti rí fíríìjì. Kó má kánjú mọ́."

Màmá pè é níbẹ̀, níwájú gbogbo wa. Ó ní, "Kàmọ́rù, Bàbá Sàká ní àwọn ti rí fíríìjì láti Èkó. Wọ́n ní kó o má kánjú." Màmá mú fóònù kúrò létí, ó wò ó bóyá ó ti gé. Kò tíì gé. Nígbà tí ohùn Kàmọ́rù jáde, ó ti yí padà.

Ó ní, "Màmá, kí lẹ jẹ lónìí?"

Màmá tú gèlè rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ata. Àwọn èèyàn ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, Bàbá Sàká lọ ṣe àlùwàlá, Màmá ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀, ó ń ka ẹja fún un, títí fóònù náà fi gbóná mọ́ ọn lọ́wọ́.